Nígbà Tí Kò Sí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá pé kí ìdájọ́ ikú padà dé orí àwọn tó ń ṣòwò egbòogi olóró. “Padà” ni mo wí, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà rí, ó sì ti gba ẹ̀mí.

Òfin Ológun nọ́ńbà 20 ti ọdún 1984 ni. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari àti igbákejì rẹ̀, Tunde Idiagbon, gbé e jáde ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ padà sí 31 oṣù Kejìlá 1983, ọjọ́ tí wọ́n gbàjọba. Ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀ ṣáájú, yálà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn, wá bọ́ sábẹ́ òfin tí kò tíì sí lọ́jọ́ tó dẹ́ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó: Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Ẹni 30 ọdún ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Ìgbìmọ̀ àkànṣe ló dá wọn lẹ́jọ́. Kò sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Àwọn ológun tó ṣòfin náà ló tún fọwọ́ sí ikú wọn. Títí di ọdún 2007, nígbà tí Buhari ń du ipò ààrẹ, Wole Soyinka kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985 kan náà, Ibrahim Babangida gbàjọba. Nígbà tó di 1986, ó yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ta ni kò mọ bí ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀ nílẹ̀ wa? Ìfalẹ̀ yẹn ì bá gba ẹ̀mí mẹ́ta là.

Lónìí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ tí àjọ NDLEA bá pè. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi, ì báà jẹ́ ará Agége tàbí Íkẹjà, ní 90 ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, ó sì lè dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lẹ́yìn náà. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ti lè béèrè bóyá ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n yẹ̀ wò, àti, bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ìgbìmọ̀pọ̀ ṣẹ̀, ẹ̀rí wo ló fi hàn pé òun àti ẹlòmíràn jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òwò náà.