Ọ̀nà Ifọ̀, Ọ̀nà Mowe

Ọ̀nà méjì ni ó ti Èkó wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tí mo fẹ́ fi pa ìtàn yìí. Ọ̀kan ni ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí ó gba Ọ̀tà, tí ó gba Ifọ̀, tí ó kọjá ní Pápáláńtò àti Ewékorò kí ó tó dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tí ó la Ibafo àti Mowe kọjá. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wọ̀nyí mọ̀ wọ́n mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, mọ́ ọjà ẹ̀bá ọ̀nà, àti mọ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ń sùn ní Ògùn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kò sí ẹni tí ń dárúkọ wọn níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èmi yóò dárúkọ wọn, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá àìsàn kan pàdé, ẹ̀bá ọ̀nà kejì sì ni ilé ẹ̀kọ́ tí ó ka àìsàn náà fún gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ ọ̀nà Ifọ̀. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2020, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí iṣẹ́ gbé wá sí Nàìjíríà balẹ̀ sí Èkó, ó sì lọ sí Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ti wà láti 1960. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí ara rẹ̀ kò fi yá mọ́. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn, ní Yábàá. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, yàrá àyẹ̀wò LUTH fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ní àrùn náà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aginjù Sàhárà. Orúkọ rẹ̀ kò kàn wá. A dúpẹ́ pé ó sàn. Ohun tí ó kàn wá ni òwú tí wọ́n fi nu ihò imú rẹ̀.

Wọ́n gbé ohun tí òwú náà kó lọ sí Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sí ibùdó ìwádìí Yunifásítì Redeemer's tí wọ́n ń pè ní ACEGID nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, ni olórí ibẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ka gbogbo lẹ́tà tí ó wà nínú kòkòrò náà, nǹkan bí 30,000. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, wọ́n gbé e síta, sí ibi ìkójọ GISAID tí onímọ̀ láti ìlú kí ìlú lè dé, wọ́n sì fi orúkọ LUTH, ti NIMR ní Yábàá àti ti NCDC ní Àbújá sí i pẹ̀lú tiwọn. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni, bí a bá kà á láti ọjọ́ tí LUTH ti sọ̀rọ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ kíkà yìí lè ya òǹkàwé lẹ́nu. Kòkòrò tí ojú kò lè rí, báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ilà ojú ni mo rí tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Láyé ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú tí wọ́n ń tú ìlú ká, ilà ni a fi ń mọ ibi tí ọmọ ti wá: àbàjà yàtọ̀ sí pélé, pélé yàtọ̀ sí gọ̀ǹbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kòkòrò àrùn ní ilà tirẹ̀ nínú. Bí ó ti ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, àṣìṣe kékeré a máa wọ inú lẹ́tà rẹ̀, àṣìṣe náà a sì di ilà ìdílé fún àwọn ìran tí ó bá ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ju ojú kan ṣoṣo lọ rí kò lè fi ilà mọ ìlú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ẹdẹ kì bá ti rí nǹkan kan sọ nípa kòkòrò Ewékorò bí kò bá ṣe pé àwọn ẹlòmíràn ti gbé tiwọn síta ṣáájú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Zhang Yongzhen ti Shanghai, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Edward Holmes tí ó wà ní Ọsirélíà, kọ́kọ́ gbé lẹ́tà kòkòrò náà síta fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó ti yàrá ìwádìí rẹ̀ pa. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn ará Yúróòpù náà gbé tiwọn síta, nígbà tí Ẹdẹ sì gbé ti Ewékorò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó hàn pé ẹbí àwọn ti Yúróòpù ni.

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún irú iṣẹ́ yìí. Àáró ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀wẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àáró. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí iṣẹ́ oko àna rẹ̀ já lé léjìká, a máa bẹ ọ̀wẹ̀: yóò pe ẹbí àti ọ̀rẹ́, yóò se oúnjẹ, yóò gbé ẹmu kalẹ̀, wọn yóò ṣe é lóòjọ́, ó parí. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ni ń ṣe é, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oko wọn súnmọ́ra. Òní ni a wà ní oko Àjàní, ọ̀túnla ni a ó wà ní ti Àkànó. Iye ebè tí o bá kọ fún mi ni èmi náà yóò kọ fún ọ. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í gbàgbé. Ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án, òun àti koríko oko rẹ̀ ni yóò jọ wà ní ọdún tí ń bọ̀. Àwọn tí ń polongo pé kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì di ti gbogbo ayé a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀wẹ̀ ni, bí ẹni pé inú rere nìkan ni ó gbé e ró. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn apá ibí fi hàn mí pé ìṣirò wà nínú rẹ̀, àti pé ìgbà tí ìṣirò náà bá wọ́ ni ènìyàn ń di ọwọ́ mọ́ ohun tí ó ní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a padà sí Yábàá, sí ọdún 1925, nígbà tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi ìgbìmọ̀ kan síbẹ̀ láti wádìí ibà pọ́njú. Iṣẹ́ àjọ náà ní Yábàá ni NIMR ń tọpa ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ dé. Àwọn onímọ̀ náà wá okùnfà ibà yìí títí, wọn kò rí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ibà mú ọ̀bọ náà, ọwọ́ sì tẹ kòkòrò náà. Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olórí iṣẹ́ náà, kò yè é: ibà kan náà pa á ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹnì kan wà ní àkókò yẹn tí kò fẹ́ àáró. Hideyo Noguchi, ará Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ti rí kòkòrò ibà pọ́njú, ohun tí ó rí kì í sì í ṣe òun. Nígbà tí ó wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, kò dúró ti àwọn ará Yábàá. Àkárà ni ó dó sí, nínú yàrá ìwádìí Dókítà William Young. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1928. Young tí ó gbà á lálejò tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibà pọ́njú ni ó pa àwọn méjèèjì.

Kòkòrò Asibi rékọjá òkun lọ sí New York. Níbẹ̀ ni Max Theiler, ọmọ bíbí South Africa, ti tù ú lójú títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D, ní 1937. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. N kò ní pe àwọn ènìyàn yìí ní olè. Wọ́n fi ẹ̀mí wọn dí i, abẹ́rẹ́ náà sì ti gba ẹ̀mí àìmọye là, tiwa náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òṣùwọ̀n àáró wò ó, ẹnì kan mú ẹ̀jẹ̀ wá, àwọn yòókù mú ọkọ́ wá, oko kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ro.

A máa ń gbọ́ ọ pé Yorùbá fúnra wọn ni wọ́n ń fi ìmọ̀ pamọ́, pé oníṣègùn a máa gbé ewé rẹ̀ lọ sí ọ̀run. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà Ifọ̀ kọjá Ewékorò yóò bá èsì rẹ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn tí orí wọn dàrú wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, àwọn àti ìbátan wọn, tí ó sì ń pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá òun ṣe é. Wọ́n wá, wọ́n sì ṣe é. Ní 1961, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Orúkọ Lambo wà lára àwọn tí ó kọ ọ́. Ti oníṣègùn ìbílẹ̀ kankan kò sí lára èèpo rẹ̀. Mo rò pé ohun tí ó ń mú àgbà ọlọ́gbọ́n pa ẹnu dé kò ju èyí lọ.

Ó tó àkókò kí a bọ́ sí ọ̀nà Mowe. Nínú àgọ́ Ìjọ Ìràpadà, lẹ́yìn Ibafo, ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ọkọ́ ti wá bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Keje 2014, nígbà tí ẹnì kan gbé Ebola ti Làìbéríà wá sí Èkó, LUTH àti àwọn ará Redeemer's ni wọ́n dá àrùn náà mọ̀ nílé, kí ó tó ràn jìnnà. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú, Dókítà Stella Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ọdún náà kan náà, Happi wà nínú àwọn onímọ̀ Sierra Leone, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn tí ó ka kòkòrò Ebola 99 láti ara aláìsàn 78, tí wọ́n sì gbé e síta kí wọ́n tó kọ̀wé lórí rẹ̀ rárá. Nígbà tí ìwé náà yóò fi jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, márùn-ún nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ ni Ebola ti pa. Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema wà lára wọn.

Ohun tí ó mú ti 2020 yàtọ̀ sí ti 1927 nìyẹn lójú mi. Àwa náà mú ọkọ́ wá. Ǹjẹ́ wọ́n san án fún wa? Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2020, àwọn ará Ibafo àti Mowe ni ó ká mọ́ jù, nítorí ààlà ìpínlẹ̀ wà láàárín ilé wọn àti ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021 ni tiwa tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, kò sì pé mílíọ̀nù 4, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ Botswana àti South Africa rí ẹ̀yà tuntun tí a wá ń pè ní Omicron, wọ́n sì gbé e síta kíá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà náà. Ẹ rántí Zhang. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tuntun lórí àjàkálẹ̀ àrùn, ṣùgbọ́n apá tí ó sọ ohun tí ẹni tí ó bá gbé kòkòrò kalẹ̀ yóò rí gbà padà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjíròrò mìíràn.

Kì í ṣe ẹjọ́ òyìnbó nìkan. Yábàá yìí kan náà ni a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fúnra wa, nínú ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, títí di 1991. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró pé àwọn fẹ́ tún ilé náà ṣe, iṣẹ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́. Àwa ni a gbé ọkọ́ tiwa jù sígbó.

Ní 2018, àwọn ènìyàn ń kú ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, a kò sì mọ ohun tí ó ń pa wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wọn wá sí Ẹdẹ. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ibà pọ́njú ni. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń dá ibà náà dúró, ní Ẹdó àti níbi gbogbo, òkè òkun tàbí Dakar ni a ti ń rà á, ìran kòkòrò tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi jáde ní Kpeve sì ni.