Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí ní 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, láti mọ ohun tí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ford Foundation ló fi owó ràn án lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn kíláàsì tí wọ́n fi wé wọn ń bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Kò sí ìwé tó tó fún iṣẹ́ náà, nítorí náà àwọn olùwádìí jókòó kọ ọ́ fúnra wọn, títí kan orúkọ tí ọmọdé yóò máa pe àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀.

Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláròóbọ̀ tí kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé: bí wọ́n bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, kò ní yé e, wọ́n á sì ní olódo ni.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà kan tó jọ èyí, pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì sì padà gba ipò rẹ̀.