Ìtàn Ibùdó Ààbò Ọmọdé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba

UK Safer Internet Centre ni ibùdó tó ń mójú tó ààbò ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba, tó sì ń kọ́ tọmọdé tàgbà bí wọ́n ṣe lè fi làákàyè wo ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Àwọn òbí wa tó ń tọ́mọ ní London tàbí Manchester á ti gbọ́ nípa Safer Internet Day tí àwọn iléèwé máa ń ṣe nínú oṣù Kejì ọdọọdún. Ibùdó yìí ló ń ṣe kòkáárí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí òun tọpa ìtàn ibùdó náà yóò rí i pé ẹnu àwọn òǹkọ̀wé ò kò. Ọ̀kan á ní 1996 ló bẹ̀rẹ̀, òmíràn á ní 2011, ẹlòmíràn á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ọlọ́pàá ló dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí a yanjú rẹ̀, nítorí ibi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ló máa ń fi hàn bóyá ó ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé sí iṣẹ́ gidi, tàbí ó kà á sí èènì lásán.

Àjọ mẹ́ta ló para pọ̀ di ibùdó yìí. Childnet ni àkọ́kọ́, Nigel Williams ló dá a sílẹ̀ ní 1995. Internet Watch Foundation, tí wọ́n ń pè ní IWF, tẹ̀ lé e ní 1996. Ẹ̀kẹta ni South West Grid for Learning, SWGfL, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2000 kí àwọn iléèwé ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn England lè rí íntánẹ́ẹ̀tì tó yá lò. Oṣù Kìíní 2011 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sábẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó bá kọ 2011 kò purọ́, àmọ́ orúkọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé. Iṣẹ́ ti ń lọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ 1996 ló gba àlàyé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Metropolitan Police ti London kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ó to orúkọ newsgroup bíi 130 sínú rẹ̀, ìyẹn àwọn gbàgede tí àwọn èèyàn ti ń pín ọ̀rọ̀ àti àwòrán láàrin ara wọn láyé ìgbà náà. Ó ní àwòrán ọmọdé tí wọ́n ń bá ṣèṣekúṣe wà níbẹ̀, kí wọ́n tì í pa. Bí wọn ò bá ṣe é fúnra wọn, ọlọ́pàá lè bá wọn fà á. Ìwé náà dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, ìwé ìròyìn The Observer ti gbé ọ̀rọ̀ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fi fọ́tò ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ Demon Internet síbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀daràn ni ọkùnrin náà.

Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí pé ọlọ́pàá dẹ́rù ba iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ sì juwọ́ sílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ò gbà kí àwọn kàn ti odidi gbàgede pa nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọlọ́pàá. Peter Dawe, ẹni tó dá Pipex sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba, ló mú àbá mìíràn wá: kí ibì kan wà tí ará ìlú lè fẹjọ́ sùn, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ ohun tí wọ́n bá fi sùn wò, kí wọ́n wá sọ èyí tó yẹ kí iléeṣẹ́ yọ. Ìjọba bá wọn dá sí i, wọ́n sì fẹnu kò sórí àdéhùn tí wọ́n pè ní R3 Safety-Net ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1996. Safety-Net Foundation ni orúkọ àjọ náà kó tó di IWF. Lójú tèmi, ọlọ́pàá ló fa ọ̀rọ̀, Dawe ló rí ọ̀nà àbáyọ, ìjọba sì ṣe alárinà. Ẹni tó bá ní ọlọ́pàá ló dá a sílẹ̀ ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Àbá náà ṣiṣẹ́. Ní 1996, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mọ̀ lágbàáyé ló wà lórí ẹ̀rọ tó wà ní Ìlú Ọba. Láti 2003, kò tó ìdá kan mọ́. Ní 2004, BT, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ ojúlé tí IWF kó jọ láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ojúlé tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Àṣìṣe tí gbogbo ayé mọ̀ wáyé ní oṣù Kejìlá 2008: IWF fi ojú ewé Wikipedia kan kún un nítorí àwòrán tó wà lára àwo orin ẹgbẹ́ Scorpions ti 1976. Ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba ò lè ṣàtúnṣe kankan sí Wikipedia mọ́, torí ẹnu ọ̀nà tóóró kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, Wikipedia kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó kórìíra IWF ṣì ń fi èyí ṣẹ̀rí pé kò yẹ kó wà rárá. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ó yẹ kí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí yóò máa bi í léèrè.

Ìtàn Childnet kì í ju gbólóhùn kan lọ nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀, ó sì dùn mí. Ìlànà márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé: má sọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà rẹ fáyé gbọ́, má lọ pàdé ẹni tí o mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí gbà, má ṣí ohun tí ẹni tí o ò mọ̀ fi ránṣẹ́, má gba gbogbo ohun tí o bá kà gbọ́, torí ẹni tó wà lódìkejì lè parọ́ irú ẹni tó jẹ́, sọ fún àgbàlagbà bí nǹkan bá ń dà ọ́ láàmú. Ìkẹrin yẹn ti kó ohun tí ìjọba wá ń gbé ètò ńlá kalẹ̀ fún lónìí sínú. Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, wọ́n ṣe ìwé Digiduck, ìtàn pẹ́pẹ́yẹ kan tó fẹ́ gbé fọ́tò tí yóò dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ síta, kí òwìwí tó wá fi ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn án.

Owó ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù mú wá. Ètò wọn àkọ́kọ́ fún ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1999 sí 2002, gba mílíọ̀nù 25 owó Euro, lẹ́yìn náà ni Insafe so àwọn ibùdó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àwọn kan ń jiyàn bóyá 2004 tàbí 2005 ni Safer Internet Day bẹ̀rẹ̀. Kò tó ohun tí à ń jà lé: 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ọdún kejì ni Insafe gbà á ṣe.

Ní oṣù Kẹta 2008, Tanya Byron, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí ìjọba ní kó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jẹ́ wọn, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé dídí ọ̀nà nìkan kò lè dáàbò bo ọmọ, àfi kí wọ́n kọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ tí Childnet ti ń sọ tipẹ́ wá dọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí àwọn mẹ́ta náà para pọ̀ ní 2011, wọ́n gbé fóònù ìrànlọ́wọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ àwùjọ àti gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọmọdé.

Ní 2021, IWF àti Childline, fóònù ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọdé, gbé Report Remove jáde. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí àwòrán ìhòòhò rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, lè fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ IWF á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ á fún un ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, àmì yẹn ni wọ́n á fi ṣọwọ́ sí àwọn iléeṣẹ́, kì í ṣe àwòrán náà, kí wọ́n má bàa jẹ́ kó jáde lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní oṣù Kẹrin 2024, National Crime Agency, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní Ìlú Ọba, kìlọ̀ fún gbogbo olùkọ́ nípa àwọn tó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Oṣù Keje ọdún kan náà, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Instagram, pa àkáǹtì tó tó 63,000 rẹ́ níbẹ̀ ní Nàìjíríà torí ìwà yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan láti Èkó sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ lórí irú ìwà yìí. Ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan ti gbẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ìlú Ọba ti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ní 2020, ibùdó náà sì ní láti wá owó síbòmíràn. Online Safety Act, òfin ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, di òfin ní oṣù Kẹwàá 2023, Ofcom, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ rẹ̀; láti oṣù Keje 2025 ni ojúlé àwòrán ìhòòhò ti gbọ́dọ̀ máa yẹ ọjọ́ orí wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba ní ẹ̀kọ́ ojúṣe ará ìlú yóò di dandan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń dá òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ nínú ìròyìn yóò sì wà nínú rẹ̀. England nìkan ni èyí kàn; Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò ẹ̀kọ́ tiwọn.