Aṣọ́-páásíwọ́ọ̀dù

Aṣọ́-páásíwọ́ọ̀dù ni ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ń kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ẹni sínú àpótí kan, tí páásíwọ́ọ̀dù àgbà kan ṣoṣo sì ń ṣí i. Òun náà ló ń ṣẹ̀dá èyí tó gùn, tó sì yàtọ̀, fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ olè tó bá tẹ ọ̀kan má baà tẹ ìyókù.

Bruce Schneier, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Password Safe ní 1997. Dominik Reichl ará Jámánì ṣe KeePass ní 2003. Orí ẹ̀rọ ẹni tó ni ín ni àpótí àwọn méjèèjì ń wà. LastPass (2008) àti Bitwarden (2016) ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè jọ máa rí i.

Bí àpótí ṣe ń tì ló yẹ kí ẹni tó ń yan kọ́kọ́ wò. Ètò tó dára kì í fi páásíwọ́ọ̀dù àgbà ránṣẹ́ síbì kankan. Orí ẹ̀rọ oníǹkan ló ti ń lọ̀ ọ́ bí ata, léraléra, títí yóò fi di kọ́kọ́rọ́. Bí lílọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni olè tó ń méfò yóò ṣe pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó. Fún ọ̀nà lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní PBKDF2, ìgbà 600,000 ni OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò ètò kọ̀ǹpútà, dámọ̀ràn ní 2023. Argon2, ọ̀nà mìíràn tó gbégbá orókè nínú ìdíje kan ní 2015, tún ń jẹ mẹ́mórì, èyí tó ń sọ ìméfò di iṣẹ́ olówó gọbọi. Ètò 1Password fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kejì kún un, tí kì í kúrò lórí ẹ̀rọ oníǹkan.

Ní 2022, wọ́n jí ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà LastPass kó. Páásíwọ́ọ̀dù inú wọn wà ní títì, àmọ́ àdírẹ́sì àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù wà ní gbangba, àwọn àkáǹtì àtijọ́ kan sì ṣì wà lórí lílọ̀ ìgbà 5,000. Àwọn olùwádìí kan so owó kíríptò tí wọ́n jí lẹ́yìn náà mọ́ ọn, àwọn agbófinró Amẹ́ríkà sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́ kan ní 2025. LastPass ní kò sí ẹ̀rí tó dájú tó tẹ òun lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe, pàápàá fún ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù àgbà rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀.

Nínú ìdílé, kí olúkúlùkù ní páásíwọ́ọ̀dù àgbà tirẹ̀. Ti Wi-Fi àti owó iná ni kí wọ́n kó sínú àpótí àjùmọ̀lò. Bitwarden ń jẹ́ kí ènìyàn yan ẹni tó lè béèrè àyè wọlé ní pàjáwìrì: bí oníǹkan kò bá kọ̀ títí ọjọ́ tó dá fi pé, àpótí yóò ṣí. Níbi iṣẹ́, yíyọ orúkọ ẹni tó kúrò kò tó. Gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tó ti rí ni kí wọ́n pààrọ̀.



Ẹni tó fẹ́ kó kúrò nínú ètò kan lọ sí òmíràn sábà máa ń gba fáìlì CSV. Fáìlì yìí kò ní títì rárá: ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò rí orúkọ, àdírẹ́sì àti páásíwọ́ọ̀dù ní ìlà-ìlà. Gbàrà tí ètò tuntun bá ti kà á tán ni kí wọ́n pa á rẹ́, nínú fódà tó bọ́ sí àti nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà.