Ìfẹ́ àti Agbára Àìrí nínú Iṣẹ́ Tí A Gbé Ka Ìtàn: Àkíyèsí láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn sáà kan nínú ìtàn ilẹ̀ wọn, ìyẹn 1811 sí 1820, nígbà tí Ọmọọba George ń ṣe adelé fún bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá. Georgette Heyer fi ìfẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ìgbà náà ṣe ìtàn nínú Regency Buck ní 1935. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn da idán mọ́ sáà kan náà: ní 2004, Susanna Clarke mú oṣó wọ inú ogun Napoleon nínú Jonathan Strange & Mr Norrell. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ kì í ya òǹkàwé lẹ́nu. Idán ni ó mọ̀ pé òǹkọ̀wé fi kún ìtàn. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé, nígbà tí òǹkọ̀wé Yorùbá bá pa ìtàn, ìfẹ́ àti agbára àìrí pọ̀, èwo gan-an ni àfikún?

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lè là wá lóye. Láàrin sáà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ìtàn ìfẹ́ yìí, ní nǹkan bí 1817, ni Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin. Ogun tó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ ló lé àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé kúrò nílùú, tí apá kan wọn fi wá tẹ̀dó nítòsí Ìlobùú. Ìlú tuntun náà di olókìkí fún ìlù bàtá àti eégún aláré. Debra Klein kọ odidi ìwé lé àwọn onílù ibẹ̀ lórí ní 2007. Nígbà tí ọmọ ọ̀jẹ̀ bá ń pa ara dà lójú agbo, tí bàtá sì ń ki ìdílé rẹ̀, òǹwòran kì í wá ààlà láàrin ìtàn àti àràmàǹdà. Agbára àìrí kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọmọ ilé ni.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970. Ọfọ̀ àti oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí òǹwòran. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ Ìtáwuyì àti Adétutù, ẹrú méjì tí ìkà Ìyálóde pa run, kò sí nínú ìwé Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní 1921. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson sọ pé Látóòsà fi kàn án ní 1874: kò bá a lọ sógun, kò fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ níbi odi ìlú. Ẹfúnṣetán san owó ìtanràn, síbẹ̀ wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á lóru. Nínú eré, májèlé ni ó fi pa ara rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìbàdàn náà pè é ní òǹrorò sí ẹrú, nítorí náà òǹkọ̀wé kò ti ibi òfìfo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn ẹrú méjì náà ni ó sọ ìjà òṣèlú láàrin ìjòyè méjì di ẹjọ́ láàrin ìkà àti aláìṣẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ikú tí Johnson kà sí ìpànìyàn di èrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni.

Ohun tó tẹ̀yìn èyí yọ ni pé ibi tí àwọn akọ̀tàn sábà máa ń fura sí kọ́ ni ewu wà. Wọ́n á yẹ ọfọ̀ wò fínnífínní, wọ́n á sì gbójú fo ìfẹ́ bí ohun tí kò lè ṣe ìtàn ní ibi. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, ọfọ̀ sábà máa ń bá ìtàn wá láti ilé. Ìfẹ́ ni òǹkọ̀wé máa ń hun mọ́ ọn, òun náà ni ó sì ń darí àánú òǹwòran. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí eré kan ṣe sí orúkọ òkú, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí eré náà ní kí a fẹ́ràn.