Àmì Ẹ̀yẹ àti Ìwé Ẹ̀rí Láàárín Àwọn Girl Guides: Láti Èkó dé Abidjan

Ní ọdún 1919 ni ètò Girl Guides, tí Robert Baden-Powell àti Agnes àbúrò rẹ̀ obìnrin dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1910, wọ Nàìjíríà. Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí lára ọmọ ẹgbẹ́ náà ni báàjì. Ewé mẹ́ta tó wà lára báàjì ẹ̀jẹ́ dúró fún ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀jẹ́ wọn pín sí. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń rán mọ́ apá aṣọ ló ń sọ iṣẹ́ tí ọmọ ti yege nínú rẹ̀: ìtọ́jú aláìsàn, oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, ìlúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èékìrí aṣọ lásán ni báàjì bí kò bá sí ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní captain, ló ń kọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ àti ìpele tó dé sínú ìwé. Kì í ṣe òun ló ń dán ọmọ wò fún àmì iṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè láti ìta, bíi nọ́ọ̀sì fún ìtọ́jú aláìsàn. Olùdánwò á fọwọ́ sí ìwé, ìwé á dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àmì ẹ̀yẹ, lẹ́yìn èyí ni báàjì yóò tó jáde. Owó nìkan kò lè rà á. Bí captain bá sì ṣí lọ sí ìlú mìíràn láìfi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, làálàá ọmọ lè di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èyí kì í ṣe àjèjì pátápátá lójú Yorùbá. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ń ṣe fríídọ̀mù níṣojú ẹbí àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù níbi fríídọ̀mù. Ti Girl Guides, ẹni tí kò rí ọmọ náà rí lè ka ìwé rẹ̀ kó sì gbà á gbọ́. Ibì kan pani lẹ́rìn-ín. Láyé àtijọ́, fún ìpele kejì, ọmọ ní láti dá iná pẹ̀lú ìṣáná tí kò ju méjì lọ. Kí ni èyí jẹ́ fún ọmọ Èkó tó ti ń dáná fún ìyá rẹ̀ láti kékeré? Àmọ́ ìdánwò ìwọlé ìgbà náà tún máa ń bi í bí wọ́n ṣe to àsíá Gẹ̀ẹ́sì pọ̀.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọmọ Yorùbá mọ iṣẹ́ ilé? Ìdí nìyí tí Oyinkan Abayomi (1897–1990) fi ṣe pàtàkì. Ọmọ Kitoyi Ajasa ni. Ó kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sí Èkó ní 1920, ó kọ́ni ní Queen's College tí wọ́n ṣí ní 1927, ó dá Nigerian Women's Party sílẹ̀ ní 1944, ó sì di olórí Girl Guides ní Nàìjíríà. Ọwọ́ tó wà lórí ètò náà yí padà, bí ìlànà inú rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì yí.

Ní Abidjan, níbi tí ọmọ Ẹ̀jìgbò pọ̀ sí láti ìgbà pípẹ́, ọ̀nà Faransé ni wọ́n tẹ̀lé. Ní ilẹ̀ Faransé, Fédération française des éclaireuses bẹ̀rẹ̀ ní 1921, Guides de France ti ìjọ Kátólíìkì tẹ̀lé e ní 1923. Orúkọ Fédération ivoirienne du scoutisme féminin fúnra rẹ̀ fi hàn pé àkójọ ẹgbẹ́ ni. Níbi tí ẹgbẹ́ ti ju ẹyọ kan lọ, ọmọ tó bá kúrò nínú ọ̀kan lọ sí òmíràn nílò ìwé ẹ̀rí ju ọmọ Èkó lọ.

Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú àjọ àgbáyé Girl Guides ní 1960. Nígbà tó yá, àmì tó bá ìṣòro ilẹ̀ Áfíríkà mu ń jáde. Àwọn Girl Guides Uganda ní ọ̀kan fún dídènà àìtó ẹ̀jẹ̀: ọmọ tó fẹ́ gbà á ní láti mọ oúnjẹ tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, kó sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn.