Òwú, Ẹ̀pà àti Ogún George Washington Carver

Ní ilẹ̀ Okun, òwú ju irè oko lásán lọ. Láàrin àwọn Bùnú, tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Kabba, àwọn obìnrin ti ń ran òwú láti ayébáyé. Wọ́n ń fi hun aṣọ, títí kan aṣọ pupa tí a fi ń bu ọlá fún olóyè tó bá papò dà. Nítorí náà, ó yẹ kí á mọ ìtàn onímọ̀ tó fi ayé rẹ̀ wá ìwòsàn fún ilẹ̀ tí òwú ti lò gbó.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí George Washington Carver sí, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1864. Ní 1896, ó di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee, ní Alabama. Ilẹ̀ ti ṣá níbẹ̀, nítorí òwú nìkan ni wọ́n ń gbìn sí i lọ́dọọdún. Carver ní kí wọ́n máa gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà tẹ̀lé òwú. Kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò ẹ̀pà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú wọn a máa sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ọ̀gbìn. Láti 1906, kẹ̀kẹ́ tí ẹranko ń fà ni ó fi ń gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ bá àgbẹ̀ lóko. Ní 1916, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó ṣàlàyé ọ̀nà 105 tí a lè gbà se ẹ̀pà jẹ.

Ẹ̀kọ́ Tuskegee dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé. Ní 1901, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí James Calloway ṣáájú wọn, dá oko òwú sílẹ̀ ní Tove, ní Tógò, nítorí àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Àárín àgbàdo àti iṣu ni àwọn Ewe ti máa ń gbin òwú tiwọn, àwọn obìnrin wọn a sì ran án. Jámánì fẹ́ òwú fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lo ipá. Ibi kan náà ni ìmọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ní Tógò kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́.

Ogún Carver, lójú tèmi, wà nínú ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Kì í ṣe òun. Ohun tó kù fún wa ni pé ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí òtòṣì àgbẹ̀ ní lọ́wọ́.

Kabba kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá. Síbẹ̀, kò dìgbà tí a bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí oko ẹ̀pà. Kí wọ́n rọra hú ìdí kan, kí wọ́n la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà tó ni oko náà, kí wọ́n bi í ní ohun tó máa ń gbìn tẹ̀lé ẹ̀pà, àti ìdí rẹ̀.